Ẹni Tó Bímọ Ọ̀ràn Ni Kó Pọ̀n Ọ́n: Ọ̀rọ̀ Lórí Kóòdù Tí Ẹ̀rọ Kọ

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Nínú iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, òwe yìí ti dorí kodò. Ẹnì kan bí ọmọ, ó fi í sílẹ̀ lọ, ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ ló ń pọ̀n ọ́n kiri. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Fóònù rẹ̀ ti gbó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì fi àtúnṣe kankan ránṣẹ́ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n kóòdù Linux tó ń mú irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé-àṣẹ Linux pa á láṣẹ. Ó pinnu pé òun yóò gba kóòdù náà, òun yóò tún un ṣe fúnra òun, kí òun lè lo fóònù náà fún ọdún bíi méjì sí i. Détà òru ló rà, nítorí pé ìyẹn ló dínwó. Ó fi ọ̀pọ̀ wákàtí gba kóòdù náà sílẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí iṣẹ́ fi dúró.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. N kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ o.” Ìlà tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: multiple definition of yylloc. Ohun tí ẹ̀rọ ń wí ni pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ yylloc, àti pé ibi méjì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọmọ náà ti yẹ gbogbo ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní èdè C wò, kò rí yylloc níbẹ̀. Kò lè rí i. Orúkọ tí ẹ̀rọ sọ ọmọ tirẹ̀ ni.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ yìí kò bá mọ́ lára. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń túpalẹ̀ gbólóhùn. Nínú “Olú pa ejò”, Olú ni olùwà, pa ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ejò ni àbọ̀. Bí a bá pa wọ́n láyò tí a ní “Ejò pa Olú”, ọ̀rọ̀ di ẹkún. Kọ̀ǹpútà náà ní láti túpalẹ̀ ohun tí a bá kọ fún un. Bí a bá kọ 2 + 3 × 4, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 3 àti 4 ni òun yóò kọ́kọ́ sọ di ìlọ́po, kí ìdáhùn lè jẹ́ 14, kí ó má baà jẹ́ 20. Ẹ̀ka ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ yìí ni à ń pè ní páásà.

Ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ páásà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba sùúrù, àṣìṣe sì máa ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Stephen C. Johnson, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yacc ní àwọn ọdún 1970. Pẹ̀lú Yacc, òfin gírámà nìkan ni òǹkọ̀wé ń kọ sílẹ̀, ní ìlà díẹ̀ tí ojú lè kà tí ọgbọ́n sì lè gbé. Yacc fúnra rẹ̀ ni yóò wá fi í kọ páásà ní èdè C. Níbi iṣẹ́ kan náà ni Mike Lesk àti Eric Schmidt, ẹni tó di ọ̀gá Google lẹ́yìn náà, ti ṣe Lex, tó ń gé ohun tí a kọ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí páásà tó gbà á. Nígbà tó yá, Flex tí Vern Paxson ṣe gba ipò Lex, Bison sì gba ipò Yacc. Robert Corbett ló bẹ̀rẹ̀ Bison, Richard Stallman ló tún un ṣe kí ó lè bá Yacc mu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ nínú oúnjẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí láì gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ohun tí irinṣẹ́ wọ̀nyí ń kọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà. Ẹ ṣí fáìlì tí Bison kọ, ẹ ó bá ìlà lórí ìlà tó kún fún nọ́ńbà, àti àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yy: yyparse, yylex, yylval, yylloc. Lẹ́yìn náà ni kọ̀mpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù C di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, yóò wá ka fáìlì ọ̀hún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tó kọ fáìlì náà lè jẹ́ ti ọdún 2008. Kọ̀mpáílà tó ń kà á lè jẹ́ ti ọdún yìí. Àwọn méjèèjì ń sọ èdè C, ṣùgbọ́n C tí ọ̀kan ń sọ kì í ṣe C tí èkejì ń gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yylloc. Àpò ni yylloc jẹ́, òun ni páásà ń fi ibi tí a ti bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí: ìlà wo ni, ipò wo ló sì wà nínú ìlà náà. Nínú kóòdù Linux, ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ dtc. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìwé tó ṣàpèjúwe àwọn ẹ̀yà ara fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn, kí Linux lè mọ ohun tó wà nínú ilé tó fẹ́ wọ̀. Bison àti Flex ni wọ́n fi ṣe páásà rẹ̀. Bison, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, dá àpò kan sílẹ̀ nínú fáìlì tirẹ̀, ó pè é ní yylloc. Ènìyàn tó kọ apá ti Flex náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan, YYLTYPE yylloc, tó túmọ̀ sí pé: àpò kan wà níbí náà tó ń jẹ́ yylloc. Àpò méjì, orúkọ kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí èyí dà láàmú. GCC, kọ̀mpáílà tí àwọn ará Linux ń lò jù, máa ń bo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀: bí fáìlì méjì bá pe àpò ní orúkọ kan náà láì fi nǹkan kan sínú rẹ̀, wọn yóò di ọ̀kan nígbà tí a bá ń so àwọn fáìlì pọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, GCC 10 jáde, ó sì fòpin sí àánú yẹn. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yóò dúró bí ó bá rí àpò méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan, àfi bí ènìyàn bá fi àṣẹ -fcommon bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó Linux yọ ìlà tó fa ọ̀ràn náà kúrò lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n kóòdù fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti kúrò nílé ṣáájú àtúnṣe yẹn, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é padà.

Ó ní òun ti lo kọ̀mpáílà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ìtọ́sọ́nà tí òun kà ti sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún kóòdù tí yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù nìkan ni kọ̀mpáílà yẹn wà. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni dtc ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà GCC tuntun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Mo ní kí ó ṣí fáìlì tó ń jẹ́ dtc-lexer.l, kí ó fi ọ̀rọ̀ kan, extern, ṣáájú ìlà náà. Extern ń sọ fún kọ̀mpáílà pé àpò tí à ń wí wà níbòmíràn, kí ó má ṣe dá òmíràn sílẹ̀. Ó ṣe é. Ó tún iṣẹ́ gbé. Àṣìṣe kan náà ló tún jáde. “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é o.” Mo gbà á gbọ́, èmi ni mo gbàgbé. Linux ayé ìgbà yẹn máa ń gbé fáìlì tí Flex ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kiri, orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sì máa ń parí pẹ̀lú _shipped. Kọ̀ǹpútà ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ibi tí a ti ṣe àtúnṣe. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ti kọ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ló ń mú lò. Ìgbà tí ó wá dtc-lexer.lex.c_shipped kàn, tí ó sì wá ìlà kan ṣoṣo yẹn rí láàárín gbogbo ohun tí Flex dà síbẹ̀, ni iṣẹ́ tó tẹ̀síwájú.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ènìyàn kọ orísun kan. Ẹ̀rọ mú fáìlì mìíràn jáde láti inú rẹ̀. Wọ́n wá fi èyí tí ẹ̀rọ kọ ránṣẹ́ sí aráyé bí ẹni pé òun gan-an ni orísun. Lọ́jọ́ tó bàjẹ́, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè tún un ṣe níbi tó yẹ kí àtúnṣe ti wáyé. Èrò tèmi ni pé bí àṣìṣe yóò bá jáde, inú ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ ni kí ó ti jáde, níbi tí ojú ti lè kà á tí ọwọ́ sì ti lè tó o. Àwọn olùtọ́jú Linux ti fara mọ́ èyí. Láti Linux 4.16, tó jáde ní ọdún 2018, orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kọ́ Linux ni wọ́n ti ń kọ páásà lọ́tun, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ní Flex 2.5.35 àti Bison 2.0 ó kéré tán. PostgreSQL, ètò ìtọ́jú ìsọfúnni tó gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé, gba ọ̀nà kan náà ní ẹ̀dà 17 ní ọdún 2024.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tó tún bí mi nínú ju èyí lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè C àti C++ tó ń jẹ́ register. Láyé àtijọ́, òǹkọ̀wé máa ń fi í bẹ kọ̀mpáílà pé kí ó tọ́jú nọ́ńbà kan sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ ti yá jù lọ. Kọ̀mpáílà òde òní mọ ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà ju òǹkọ̀wé lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀bẹ̀ náà sí mọ́. Flex àtijọ́ máa ń wọ́n register sínú kóòdù tó ń kọ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn tó ń ṣe òfin C++ kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ sílé. Ní ọdún 2017, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ní ọdún 2021, GCC 11 sọ òfin 2017 yẹn di èyí tí yóò máa lò bí a kò bá yan òmíràn fún un. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ọdún mẹ́wàá ni igi yìí fi ń bọ̀ lọ́nà. Flex rí i, ó yẹra. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tuntun kì í kọ register mọ́. Ta wá ni igi gún lójú? Àwọn tó ní fáìlì tí Flex àtijọ́ kọ, tí wọn kò ní gírámà tí wọ́n fi kọ ọ́. Ìyẹn ni pé ọmọ wà láyé, ìyá ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ilé ìyá rẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin C ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ pe ẹ̀ka ètò tí a kò tíì kéde orúkọ rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 25, kọ̀mpáílà ń kìlọ̀ lásán. Clang 16 sọ ọ́ di àṣìṣe ní ọdún 2023, GCC 14 tẹ̀ lé e ní ọdún 2024. Páásà tí Bison bá kọ máa ń pe yylex àti yyerror, ẹni tó kọ gírámà ló sì gbọ́dọ̀ kéde wọn. Ọ̀pọ̀ gírámà àtijọ́ ni kò kéde nǹkan kan. Nígbà tó di ọdún 2025, GCC 15 bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin C tuntun, C23, níbi tí àkámọ́ òfo ti túmọ̀ sí pé ẹ̀ka ètò náà kò gba nǹkan kan rárá. Ẹni tó ti kọ int yyerror() láti ìgbà pípẹ́, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yyerror lẹ́yìn náà, yóò bá àṣìṣe pàdé nínú ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti bí i.

Àwọn kan tún ń fọwọ́ ara wọn fa ọ̀ràn. Wọn a pàṣẹ fún kọ̀mpáílà, pẹ̀lú -Werror, pé kí ó ka ìkìlọ̀ gbogbo sí àṣìṣe, wọn a sì gbé kóòdù náà síta bẹ́ẹ̀. Flex máa ń kọ ẹ̀ka ètò kan tó ń jẹ́ yyunput, yálà a nílò rẹ̀ tàbí a kò nílò rẹ̀. Kọ̀mpáílà yóò kìlọ̀ pé yyunput wà níbí, ẹnikẹ́ni kò sì lò ó. Ìkìlọ̀ yìí kò léwu rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yóò dúró nítorí rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì Flex, %option nounput, ì bá ti yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú àwọn tó ń ṣe kọ̀mpáílà pé ìkà ni wọ́n, pé wọn kì í jẹ́ kí ohun tó dára sinmi. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ètò tí a kò kéde yẹn. Láyé àtijọ́, bí kọ̀mpáílà kò bá mọ irú èsì tí ẹ̀ka ètò kan yóò dá padà, yóò kàn rò pé nọ́ńbà tó gba bíìtì 32 ni. Lórí ẹ̀rọ òde òní, àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà gba bíìtì 64. Bí ẹ̀ka ètò náà bá dá àdírẹ́sì padà, wọn yóò gé e sí méjì, wọn yóò sọ ìdajì nù, ètò yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé onílé. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kí ó sì wó lulẹ̀ lọ́la láìsí ẹni tí yóò mọ ìdí. Kọ̀mpáílà tó bá kọ̀ láti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣe wá lóore. Bẹ́ẹ̀ náà ni yylloc: nígbà tí a bá fi orúkọ kan dá àpò méjì sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni dídà wọ́n pọ̀ ń bọ́ sí rere.

Ó dùn mọ́ mi nínú pé ìbéèrè “ọmọ ta ni?” yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé-àṣẹ pàápàá. Páásà tí Bison kọ máa ń ní apá ńlá nínú tó jẹ́ ti Bison fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó kọ gírámà. Nítorí náà, ṣáájú Bison 1.24, inú ètò tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn nìkan ni a ti lè lo páásà rẹ̀. Wọ́n fi ààyè sílẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sì tún fẹ ààyè náà sí i ní Bison 2.2. Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ní ti ìtọ́jú, kò tíì parí.

Ẹnì kan lè sọ pé kí gbogbo wa kúkú padà sí fífi ọwọ́ kọ páásà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. GCC fúnra rẹ̀ ti lo Bison rí. Ó fi í sílẹ̀ fún páásà àfọwọ́kọ, ti C++ ní GCC 3.4 ní ọdún 2004, ti C ní GCC 4.1 ní ọdún 2006. Kọ̀mpáílà èdè Go fi Yacc sílẹ̀ ní Go 1.6 ní ọdún 2016. Ruby gba irinṣẹ́ tirẹ̀, Lrama, dípò Bison ní ẹ̀dà 3.3 ní ìparí ọdún 2023. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, páásà àfọwọ́kọ tó ń jẹ́ Prism ló di èyí tí ẹ̀dà 3.4 ń lò. Àwọn wọ̀nyí ní ènìyàn púpọ̀ tó gbọ́nṣẹ́, wọ́n sì lè bọ́ ọmọ tí wọ́n bí. Ẹni tó bá dá nìkan wà nídìí iṣẹ́, tàbí tó jẹ́ pé ẹni méjì péré ni wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, gírámà jẹ́ ìwé òfin tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà kí ó sì lóye. Nígbà tí òfin méjì bá sì tako ara wọn, Bison yóò pariwo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Páásà àfọwọ́kọ kì í pariwo. Yóò kàn yan ọ̀kan, yóò dákẹ́.

N kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé ọ̀nà tí mo ń gbè kò ní ẹ̀gún. Bí a bá ní kí oníkálukú máa kọ páásà lọ́tun lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lè ti gbó ju gírámà lọ. Ẹ wo kọ̀ǹpútà Apple: Bison 2.3, ti ọdún 2006, ni Apple ń fi fún àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ tí Apple kò fẹ́. Gírámà tí wọ́n kọ fún Bison 3 lè má wọ̀ ọ́ létí rárá. Ní ìdà kejì, Bison 3.0 ti ọdún 2013 yọ àwọn orúkọ àtijọ́ bíi YYPARSE_PARAM kúrò, gírámà tó gbára lé wọn sì dẹ́kun iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìjà yìí ti ń wáyé. Inú gírámà ni, níbi tí ìlà tó ní àṣìṣe ti ní nọ́ńbà, tí ènìyàn kan sì wà tó kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Perl ṣe òdìkejì ohun tí mo ń sọ. Wọ́n ń tọ́jú perly.tab, tí wọ́n fi Bison ṣe, sínú kóòdù wọn, kí ẹni tó kàn fẹ́ kọ́ Perl má baà nílò Bison. N kò bá wọn jà. Gírámà rẹ̀, perly.y, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètò kékeré tó ń tún un kọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òbí rẹ̀ sì ń gbé inú ilé. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó ń fi fáìlì y.tab.c nìkan ránṣẹ́, tó fi gírámà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó wá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tí mo tún ń bá wí ni ẹni tó tún fáìlì tí ẹ̀rọ kọ ṣe pẹ̀lú ọwọ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún un kọ láti inú gírámà, gbogbo àtúnṣe náà yóò wọ omi.

Bí ẹ bá bá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ pàdé, òkè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bison máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó sì ti mọ ọjọ́ orí ọmọ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé, láàárín gbogbo ẹ̀rọ tó ń bá wa kọ kóòdù lóde òní, èyí tó gbó jù yìí ló ṣì ní ìwà ọmọlúàbí jù: ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀. Kóòdù tí àwọn ẹ̀rọ ìtàkùrọ̀sọ tuntun ń dà sílẹ̀ fún wa kì í sábà ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gírámà kankan tí a lè padà sí.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kí ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta fi gírámà sí i, kí ó sọ ẹ̀dà Bison tàbí Flex tó lò, kí ó sì fi -Werror sílẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀. Kí ó tún máa gbìyànjú rẹ̀ wò lórí kọ̀mpáílà tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, nítorí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. GCC ń mú ẹ̀dà ńlá kan jáde lọ́dọọdún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó fún ìdánwò náà. Ẹni tí kò bá ṣe é ti gbé ìrọ̀lẹ́ kan tirẹ̀ lé ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn lórí, àwọn tó sì ń san án jù ni àwọn tó ń fi owó ra détà òru, tí fóònù wọn ti gbó, tí wọn kò ní ẹ̀gbọ́n kankan tí wọ́n lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí ní kùtùkùtù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Fóònù tàn. Kámẹ́rà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ìyẹn sì di ọ̀ràn mìíràn tó ṣì ń bá jà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ó fi fáìlì tó tún ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ó fi extern sínú méjèèjì, èyí tí ènìyàn kọ àti èyí tí ẹ̀rọ kọ, ó sì kọ ìlà kan sókè pé GCC 10 ló fà á, àti ìdí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tún èyí tí ẹ̀rọ kò kà ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan lè wá tún un kọ lọ́la.”